Ìbọn Tí Ọwọ́ Yàn: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Kọ́ Ìbọn Ìléwọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìbọn ìléwọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìyìnbọn yẹ kó kọ́kọ́ rà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti mú bírò dání, orúkọ ìbọn kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí kí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ sílé. Ẹ má bínú, mi ò ní í lórúkọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí kò pamọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìbọn ẹ̀kọ́ ni ìbọn àkọ́rà. Èyí tí ọwọ́ yín ká, tí kì í bà yín lẹ́rù, tí owó ọta rẹ̀ ò sì wọ́n débi pé ẹ ó máa ṣírò bí ẹ bá ti ń yìn ín, òun ni kí ẹ mú. Ẹwà, òkìkí àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ra ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Òfin ló ṣáájú, mi ò sì ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó tọ́ ní ilẹ̀ kan, ẹ̀wọ̀n ni ní ilẹ̀ mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Dunblane ní 1996, òfin tó jáde ní 1997 gba ìbọn ìléwọ́ tó pọ̀ jù lọ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ní Kánádà, láti oṣù kẹwàá 2022 ni wọ́n ti dá rírà àti títà rẹ̀ láàárín ará ìlú dúró. Nítorí náà, ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí kí ẹ tó yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ta ìbọn. Níbi tí òfin ò bá sì ti gba ìbọn ẹlẹ́tù, ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ ìyìnbọn ní ìbọn afẹ́fẹ́. Ọta rẹ̀ kò ju 4.5mm lọ, mítà 10 ni wọ́n sì ti ń yìn ín níbi ìdíje Òlíńpíìkì. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Kì í ta padà sọ́wọ́, ariwo rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà gbogbo àṣìṣe tí ẹ bá ṣe, ìka yín ló ṣe é, kò sí ẹlòmíì tí ẹ lè dá lẹ́bi. Mo ti rí ẹni tó kọ́ ọ dáadáa níbẹ̀ tó wá gba ìbọn ẹlẹ́tù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó sì ta àwọn tó ti wà lẹ́nu ẹ̀ yọ.

Àwọn baba wa ní, ìbọn ní apátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Jeff Cooper, gbajúmọ̀ olùkọ́ ìbọn ìléwọ́ ní Amẹ́ríkà, kó òfin ààbò jọ sí mẹ́rin, àwọn ni ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn ṣì ń lò dòní: ẹ ka gbogbo ìbọn sí èyí tó ní ọta nínú, ẹ má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjá lára ohun tí ẹ ò fẹ́ bà jẹ́, ẹ mú ìka kúrò lórí apátí, ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, títí irin ìwò, èyí tí a fi ń fojú sun nǹkan, yóò fi wà lórí ibi tí ẹ fẹ́ ta, ẹ sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín tó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìbọn písítù ni mo mú lọ́wọ́ yìí. Mágasíìnì, àpótí ọta rẹ̀, wà nínú ìdìmú. Bí mo bá yọ ọ́ báyìí, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ìbọn ti ṣófo. Irọ́ ni. Ọta kan ṣì lè jókòó sí ìdí ọ̀pá, bí mo bá sì fa apátí, yóò dún. Mágasíìnì ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fa irin orí ìbọn sẹ́yìn kí ọta tó wà nínú ọ̀pá lè fò jáde, ẹ ó dá irin náà dúró sẹ́yìn, ẹ ó fi ojú wò ó, ẹ ó sì ti ìka bọ̀ ọ́ wò. Ẹ má ṣe é lódìkejì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fa irin, ọta yóò fò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n mágasíìnì yóò ti òmíràn wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ó wá yọ mágasíìnì, ẹ ó sì rò pé ó ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìbọn fún yín tí kò ṣe báyìí kó tó fi lé yín lọ́wọ́, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ó dáa. Ọwọ́ ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká jókòó sí.

Ẹ di ìbọn tó ṣófo náà mú, ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò léwu. Àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbọ́dọ̀ wọ òkè ẹ̀yìn ìdìmú náà tán. Ẹ wo apá yín láti òkè: ọ̀pá ìbọn àti egungun apá gbọ́dọ̀ tò lórí ìlà kan. Ẹ wá na ìka sórí apátí. Ojú ìka, ibi tí a fi ń tẹ̀ka sórí ìwé, ni kó bà lé e. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ìka nìkan ló dé ibẹ̀, ìdìmú ti sanra jù fún yín, ẹ ó sì máa ti ìbọn sápá kan bí ẹ bá ń fà á. Bó bá jẹ́ oríkèé ìka ló wà níbẹ̀, ó ti tín-ín-rín jù, ẹ ó máa wọ́ ọ sápá kejì. Ẹ tún gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ yìn ín, ṣùgbọ́n kí ẹ dijú. Ẹ lajú. Bí irin ìwò iwájú bá ti wà láàárín ihò ti ẹ̀yìn, tàbí tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, ìbọn yẹn bá egungun yín mu. Bó bá ń wo òrùlé tàbí tó ń wo ilẹ̀, ọwọ́ yín yóò máa bá a jà títí ayé. Bàtà tó há, ẹnìkan kì í fi ìfẹ́ mú un fẹ̀. Àwọn ìbọn òde òní kan ní ẹ̀yìn ìdìmú tó ṣeé pààrọ̀, kékeré, àárín àti ńlá. Ẹ béèrè rẹ̀, torí ẹni tó ń tajà kì í rántí sọ.

Ojú náà ní ọ̀gá. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, ẹ na apá, ẹ wo nǹkan kan lọ́ọ̀ọ́kán gba inú ihò náà kọjá. Ẹ di ojú kan. Bí nǹkan náà ò bá sá kúrò nínú ihò, ojú tó là sílẹ̀ ni ọ̀gá. Àwọn kan ń lo ọwọ́ ọ̀tún ṣùgbọ́n ojú òsì ni ọ̀gá wọn, kì í sì í ṣe àìsàn. Pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́, kí wọ́n sún ìbọn díẹ̀ sójú òsì, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá sì rò pé ọwọ́ òsì òun kò lè kọ́ ohunkóhun, kó gbọ́ ìtàn Károly Takács, ọmọ ogun Hungary. Ní 1938, bọ́ǹbù ọwọ́ bú mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún tó fi ń yìnbọn, ọwọ́ náà bàjẹ́. Ó fi òsì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1948 ní London, ó gba wúrà Òlíńpíìkì nínú ìdíje ìyìnkíákíá mítà 25, ó sì tún gbà á ní Helsinki ní 1952.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọta, ibi tí ìjà máa ń wà. Nọ́ńbà tí ẹ máa ń gbọ́, .22, .45 tàbí 9mm, bí ọta ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ, ní íǹṣì tàbí ní mìlímítà. Orí ọta .22 Long Rifle, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1887, wúwo tó gíráàmù 2.6. Ti 9mm, tí Georg Luger ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, sábà máa ń tó gíráàmù 7.5 sí 8. Ti .45, tí ìbọn Colt ti 1911 ń yìn, tó gíráàmù 15. Bí ohun tó jáde lẹ́nu ìbọn bá ṣe wúwo tó, tó sì yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn yóò ṣe ta padà sí ọwọ́. Ìbọn tó wúwo ń gba lára títa yẹn mọ́ra, èyí tó fúyẹ́ a kó gbogbo rẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Ara èèyàn kì í sì í gbàgbé ìyà. Ẹ fún ẹni tí kò yìnbọn rí ní ìbọn tó ń ta burúkú. Lẹ́yìn ọta bíi mélòó kan, ọpọlọ rẹ̀ ti mọ̀ pé bí ìka bá ti fà, ìyà ń bọ̀. Kí ìbọn tó dún, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ojú ti dì. Ọta ń bọ́ sísàlẹ̀, òun á ní irin ìwò ni kò dára. Ọ̀nà tí olùkọ́ fi ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ rọrùn: yóò da ọta gidi pọ̀ mọ́ ọta tí kò lẹ́tù nínú mágasíìnì kan náà láìjẹ́ kó mọ èyí tó kàn. Nígbà tí èyí tí kò lẹ́tù bá kàn, ìbọn ò ní í dún, gbogbo èèyàn á sì rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe tẹ̀ wọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni náà gan-an ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìwà yẹn rọrùn láti kó, ó sì nira láti sọ sílẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú .22 bí ẹ bá lágbára àtirà á. Owó ọta .22 kéré gan-an sí ti 9mm. Ìbọn .22 onírin tó wúwo tó kílò kan, bí irú Ruger Mark IV, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mira lọ́wọ́. Ẹ lè yin ín fún wákàtí kan kí ara má bẹ̀bẹ̀.

Ó ní àléébù tirẹ̀ ṣá o. Ọta rẹ̀ máa ń kọ̀ láti dún ju ti àwọn yòókù lọ. Bó bá kọ̀, ẹ má yí ìbọn wò. Ẹ jẹ́ kó ṣì kọjú síbi tí ẹ ń ta fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó yọ ọta náà, torí òmíràn máa ń pẹ́ kó tó bú. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ìbọn .22 ni kò yẹ kí ẹ máa fa apátí rẹ̀ lófìfo, irin tó ń lu ọta lè máa lu etí ọ̀pá kó sì bà á jẹ́. Ẹ wo ìwé tó bá a wá.

Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lòun lè rà, 9mm tó tóbi bó ṣe yẹ ni mo máa ní kó wò, irú Glock 17 tí ilé iṣẹ́ ológun Austria gbà ní 1982, tó wúwo tó gíráàmù 630 láìsí mágasíìnì nínú rẹ̀, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́ yín, ẹ fẹ́ ní 9mm kò lágbára. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kojú olè báńkì méjì ní Miami. Òṣìṣẹ́ méjì kú, márùn-ún fara gbọgbẹ́. Wọ́n di ẹ̀bi lé ọta 9mm kan tó wọ ara ọ̀kan nínú àwọn olè náà ṣùgbọ́n tí kò dé ọkàn rẹ̀. Ni FBI bá gbé 10mm. Ìyẹn ń ta jù, wọ́n dín ẹ̀tù rẹ̀ kù, ibẹ̀ ni ọta .40 ti jáde ní 1990, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà sì gbà. Ẹ wá wò ó: ní 2014, ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ FBI fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọta 9mm ti òde òní ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ńlá ń ṣe, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń yára yìn ín, wọ́n sì ń bá ibi tí wọ́n fojú sùn ju ìgbà tí wọ́n ń lo .40 lọ. Wọ́n padà sí 9mm. Bí ẹni tí ìbọn jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ bá ń fi títa ìbọn ṣe àwáwí, kí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ń wá lọ sọ́dọ̀ .45?

Mo fẹ́ bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ díẹ̀, àti àwọn ọkùnrin tó ń bá wọn lọ sọ́jà. Bí obìnrin bá ti wọlé tó ní òun fẹ́ ìbọn, rìfọ́fà kékeré báyìí, ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ rí róbótó tó sì ń yí, ni wọ́n máa ń nawọ́ rẹ̀ sí i. "Madam, eléyìí lẹ́wà, ó fúyẹ́, ó bá yín mu." Kò bá wọn mu! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Rìfọ́fà fẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú wúwo tó gíráàmù 400. Láti fa apátí rẹ̀ nígbà tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì ká sẹ́yìn, agbára tó tó kílò 5 ni ìka gbọ́dọ̀ lò. Ìka ń fa ohun tó ju ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n ìbọn náà lọ, ẹ sì ń retí kí ẹnu rẹ̀ má mira? Ẹ tún fi ti irin ìwò kún un. Bí irin ìwò iwájú bá jìnnà sí ti ẹ̀yìn ní sẹ̀ǹtímítà 17, tí ẹ ṣì í wò pẹ̀lú mìlímítà kan péré, ọta yóò fi bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ṣìnà ní mítà 10. Bí àárín wọn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, àṣìṣe kan náà yóò di sẹ̀ǹtímítà 10. Ìbọn kékeré kì í dárí jini. Àwọn písítù àpò tí kò tó gíráàmù 300 náà burú bẹ́ẹ̀ fún àkọ́kọ́, ọwọ́ atamátàsé ló yẹ wọ́n.

Wọ́n á ní obìnrin ò lè fa irin orí písítù sẹ́yìn. Èyí tí mo rí pọ̀ jù ni pé wọn ò fi bí wọ́n ṣe ń fà á hàn wọ́n. Ẹ má na ìbọn jìnnà sí ara kí ẹ wá máa fi ìka méjì fa irin. Ẹ mú ìbọn sún mọ́ igbá àyà, kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú síbi tí ẹ ń ta. Ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì bo irin náà lókè, ẹ dì í mú ṣinṣin, kí ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìbọn síwájú bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí èyí bá ṣì le fún, àwọn písítù kan wà tí irin wọn rọ̀ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, ẹ béèrè. Kí ẹ sì má gbé àtàǹpàkò òsì gba ẹ̀yìn irin náà kọjá nígbà tí ẹ bá ń yìnbọn. Yóò sún sẹ́yìn, yóò sì gé yín.

Mi ò bá rìfọ́fà jà o. Èyí tó wúwo, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń yin .22 tàbí .38, olùkọ́ àtàtà ni. Bí ẹ bá ṣí ibi tí ọta ń gbé nínú rẹ̀, ojú kan ni ẹ ó fi rí gbogbo ọta. Ṣùgbọ́n ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà, kíkó òmíràn sí i sì ń fa àkókò. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, kó rà á. Ìfẹ́ náà yóò jẹ́ kó máa lọ sí pápá.

Owó ìbọn nìkan kọ́ ni ẹ ó ná. Ẹ yọ ti ohun ìdití àti awò ojú sọ́tọ̀ kí ẹ tó yọ ti ìbọn. Ariwo ìbọn ìléwọ́ máa ń kọjá 150 dẹ̀síbẹ́lì, 140 sì ti tó láti ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí tó bá lọ kì í padà. Ẹ yọ ti àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ìbọn wà nínú rẹ̀, kí ọta wà lábẹ́ àgádágodo mìíràn, pàápàá nílé tí ọmọdé ń gbé tàbí tí ọmọdé ń yà sí. Ẹ yọ ti olùkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọta. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni owó ìbọn, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti ra àlòkù tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá ti bá yín yẹ̀ wò. Bí ẹ bá kúrò ní pápá, omi tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, torí òjé inú ọta máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Arákùnrin tó wà lọ́wọ́ iwájú béèrè bóyá kí òun fi iná pupa kékeré nì, irin ìwò onímọ̀ ẹ̀rọ, sórí ìbọn àkọ́kọ́. Bí ojú yín ò bá ríran dáadáa nítòsí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Àmì kan ṣoṣo ni ẹ ó máa wò, ẹ ò ní í máa to irin méjì pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ ta. Bí ojú yín bá dá ṣáṣá, ẹ kọ́ irin lásán ná. Ẹlòmíì béèrè bí yóò ṣe jìnnà tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mítà 5 tó. Ẹ fi ọta kan ṣoṣo sínú mágasíìnì, ẹ yin ín, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀, ẹ mí. Lẹ́yìn náà ẹ tún fi ẹyọ kan sí i. Tí ihò wọn bá ti ń súnra mọ́ra, ẹ wá fi márùn-ún.

Màmá tó wà lẹ́yìn nawọ́. Wọ́n fẹ́ ra ìbọn fún ọkọ wọn láìjẹ́ kó mọ̀, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àkọ́kọ́, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òfin kì í gbà kí ẹnìkan lo orúkọ ara rẹ̀ ra ìbọn fún ẹlòmíì láìsí ìwé. Èkejì, ẹ ò mọ bí ìka wọn ṣe gùn tó. Ẹ sanwó ẹ̀kọ́ fún wọn, kí wọ́n lọ sí pápá tó ń háyà ìbọn, kí wọ́n yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ èyí tí wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá padà wálé tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọ̀kankan, ẹ bá wọn ra nǹkan mìíràn.